Èlé Àlejò

Ìgbòho ni wọ́n bí mi sí, Ajégúnlẹ̀ ni mo ń gbé báyìí. Kì í ṣe Ajégúnlẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ o. Tiwa wà lẹ́yìn Mile 12, lápá Owódé Onírin, níbi tí odò ti máa ń wá kí èèyàn nínú yàrá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é. Tí mo bá sọ fún àwọn ará ilé pé Èkó ni mo wà, ibi tí wọ́n ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n máa ń rò. N kì í já wọn ní tànmọ́ọ̀ wọn. Èmi náà, kí n tó débí, ibẹ̀ ni mo rò pé mò ń bọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí lọ́kàn rú kì í ṣe ariwo, kì í sì í ṣe èrò. Ìkíni ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá: "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ jíire? Ilé ńkọ́?" Ọkùnrin kan dúró, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Kí lo fẹ́ gbà?" Mo ní mi ò fẹ́ gba nǹkan kan. Ló bá di àpò ṣòkòtò ẹ̀ mú, ó yára kọjá lọ.

Sàmù, ọmọ ìlú wa tí mo wá bá, tí a jọ ń gbé yàrá kan títí dòní, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Tó o bá ń kí wọn báyẹn níbí, wọ́n á rò pé owó ọkọ̀ lo fẹ́ tọrọ."

"Ṣé wọn kì í kíra wọn ni?"

"Wọ́n ń kíra wọn. Àwọn tí wọ́n mọra wọn."

Mo wá ń rò ó pé báwo lèèyàn ṣe máa mọ ẹni tí kò tíì kí. Mo bi Sàmù, ó ní kí n jẹ́ kí òun sùn.

Iṣẹ́ bárò ni mo rí ṣe ní Mile 12. Tí ọkọ̀ tòmátì bá ti Òkè Ọya dé, àwa la máa ń fi bárò gbé apẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọkọ̀ lọ sí ìsọ̀, tàbí láti ìsọ̀ lọ síbi tí ẹni tó rajà gbé mọ́tò ẹ̀ sí. Lọ́sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, mò ń gbọ́ tí àwọn Mọlà ń pariwo "Hánya! Hánya!" lẹ́yìn mi. Mo rò pé obìnrin kan ni wọ́n ń wá. Ìgbà tí bárò gbá mi ní kókósẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé kí n kúrò lọ́nà ni wọ́n ń wí. Mo kọ́ ọ báyẹn. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo mọ̀ l'Ékòó, ibi kan ló ti gbá mi kí n tó mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ mo ní ayọ̀ tèmi náà. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tó máa ń wá ra tatàṣé láti Ògùdù dúró láàárín èrò, ó ń wò yí ká. Àwọn oníbárò mẹ́rin sáré bá a. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, mò ń wá kọ́sítọ́mà mi." Èmi ni kọ́sítọ́mà ẹ̀. Mo ti bárò yẹn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ń wa mọ́tò.

Nígbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ bárò yìí ni ìjì ká páànù lórí ilé Màámi ní Ìgbòho, lápá yàrá tó ń sùn. Màámi wá kó ẹní ẹ̀ lọ sílé ìdáná. Ó ti ń dá àjọ nílé láti ra páànù tuntun, owó yẹn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Owó káfíńtà àti ìṣó ló kù, èyí sì wà lọ́rùn mi. Gbogbo ìgbà tí a bá jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni mo máa ń sọ fún un pé, "Màámi, kí òjò tuntun tó bẹ̀rẹ̀, orí ilé á ti bò." Ó máa ń ní, "Mo gbọ́." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ rí. "Mo gbọ́" yẹn máa ń bá mi dé ẹnu iṣẹ́.

Èmi náà ń dá àjọ. Bàbá Alájọ wa ní Mile 12 jẹ́ arúgbó kan tó máa ń dé fìlà onírun nínú oòrùn. Àràárọ̀ ló ń yí ká. O máa fún un ní iye tí o lè dá, tí oṣù bá parí, ó máa kó gbogbo ẹ̀ fún ọ, á yọ ti ọjọ́ kan sílẹ̀ fún ara ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé náà nìyẹn. Ẹni tó bá bá ọ tọ́jú owó, o sanwó iṣẹ́ fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn ò rú mi lójú rí.

Àfi ìgbà tí Àǹtí Tọ́pẹ́ dé. Báǹkì kan ní Kétu ló rán an wá sọ́jà, òun àti tábìlì kékeré kan lábẹ́ agbòòrùn ńlá. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ, ṣùgbọ́n ó wọ gíláàsì, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kàwé.

"Bọ̀dá, ẹ wá ṣí àkáǹtì. Èlé wa pọ̀ gan-an."

"Àǹtí, mi ò lè san èlé o."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa san án. Àwa la máa san án fún yín."

Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀.

Níbi tí mo ti wá, ẹni tó yáwó ló ń san èlé. Mo rò ó títí. Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé báǹkì fẹ́ yáwó lọ́wọ́ mi ni? Báǹkì tó ní AC, tó ní sekúríìtì méjì lẹ́nu géètì, wá ń yáwó lọ́wọ́ oníbárò? Mo bi Àǹtí Tọ́pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kúkú lè sọ ọ́ báyẹn." Ìyẹn tún dá kún ohun tí kò yé mi.

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní àwọn oníbàárà tuntun nìkan ni èlé ńlá yìí wà fún, ẹni tí kò ní àkáǹtì lọ́dọ̀ àwọn rí. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n máa fi san án, lẹ́yìn náà á padà sí èlé kékeré tí gbogbo èèyàn ń gbà. "Kí owó sì jókòó o, Bọ̀dá. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè yọ nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èlé ńlá ti lọ nìyẹn. Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé mi, Àǹtí."

Kò yé mi. Girama kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì ń sáré. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé tí ẹni tó mọ̀wé bá bi ọ́ bóyá ó yé ọ, ó yé ọ ni wàá ní. Tó o bá ní kò yé ọ, àfi bí ẹni pé o ní kò mọ̀ ọ́n sọ.

Sàmù gbọ́, ó sáré dé láti wá gba tiẹ̀. Àǹtí Tọ́pẹ́ tẹ nọ́ńbà ẹ̀ sínú fóònù, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin kì í ṣe tuntun. Ẹ ti ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wa."

"Èmi? Níbo?"

"Wọ́n ṣí i fún yín lójú títì ní Ìkòsí. Ó ti pẹ́."

Sàmù ronú títí, ó gbá orí ara ẹ̀ mú. Ó rántí. Wọ́n ń pín tíṣẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà yẹn fún ẹni tó bá ṣí àkáǹtì, ó gba tíṣẹ́ẹ̀tì, kò sì fi kọ́bọ̀ sínú àkáǹtì náà rí.

"Torí tíṣẹ́ẹ̀tì! Tíṣẹ́ẹ̀tì ọ̀hún tó ti ya! Èyí tá a fi ń nulẹ̀!"

"Ẹ má bínú, bí òfin ẹ̀ ṣe rí nìyẹn."

"Kí n dá a padà ńkọ́?"

Gbogbo àwa tá a wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, Àǹtí Tọ́pẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Torí mo rí i pé ohun kan wà ní gbogbo Èkó yìí tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí Sàmù tó ti pẹ́ ńbẹ̀ ò lè rí gbà. Kò tíì sí ẹni tó kí mi káàbọ̀ láti ìgbà tí mo ti dé. Báǹkì ló kọ́kọ́ kí mi.

Mo pe Màámi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó pẹ́ kó tó yé e, nítorí kò yé èmi tí mò ń ṣàlàyé.

"Wọ́n á fún ọ lówó torí pé o kówó fún wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Títí láé?"

"Rárá, oṣù mẹ́fà. Torí mo jẹ́ tuntun lọ́dọ̀ wọn ni."

"Háà. Bí ìgbà téèyàn bá ń din ẹyin fún àlejò."

"Ẹ́n-ẹ̀n! Èlé àlejò ni, Màámi."

Orúkọ tí a fún un láàárín ara wa nìyẹn. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó gba owó páànù ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ alájọ ìlú, kó fi ránṣẹ́ sí mi, kí n pa á pọ̀ mọ́ tèmi. Mo ní èlé ẹ̀ ló máa san owó káfíńtà. Kò fẹ́. Ó ní alájọ tòun ò jẹ owó òun rí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́, bí ọmọ tó ń tọrọ owó àkàrà. Ìgbà tó yá ló ní, "Ìwọ lo wà níbi tójú ti là. Mo gbọ́."

Nígbà tí owó náà dé, mo kó gbogbo ẹ̀ sí báǹkì, mo wá lọ dágbére fún Bàbá Alájọ. Inú ẹ̀ ò bàjẹ́. Ó kàn ní, "Wọ́n á sanwó fún ẹ? Ó dáa. Ṣé o bi wọ́n ohun tó lè mú wọn dáwọ́ dúró?" Mo ní mo ti bi wọ́n. Wọ́n ti sọ fún mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ò bi ẹnikẹ́ni.

Oṣù kìíní parí. Ohun kan dún nínú fóònù mi, mo wò ó, èlé ti wọlé. Mo fi han Sàmù, ó wo fóònù, ó wo tíṣẹ́ẹ̀tì tí a fi ń nulẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Mo pe Màámi.

"Ó ti wọlé!"

"Ṣé o ti lọ kó o?"

"Kí n kó o?"

"Oṣù ṣáà ti parí. Ṣé wọn kì í kó àjọ níbẹ̀ ni? Lọ fojú ara rẹ rí i, kó o tó tún gbé e lé wọn lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni létí mi. Tí oṣù bá parí, wọ́n á kó o fún ọ, wàá fọwọ́ kàn án, ọkàn rẹ á balẹ̀, wàá tún bẹ̀rẹ̀. Alájọ tí kò bá lè kó owó rẹ sílẹ̀ níparí oṣù, o mọ̀ pé ó ti ná an nìyẹn. Mo lọ sí báǹkì, mo gba gbogbo ẹ̀ pátá. Ó sun abẹ́ ìrọ̀rí mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dá a padà láìdín kọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Oṣù kejì parí, èlé tún wọlé, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Àǹtí Tọ́pẹ́ ní kí n máa yọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré náà ni mò ń yọ ọ́, ní ìparí oṣù. Àní ṣe ni mò ń yin ara mi.

Ní oṣù kẹta, nínú ọyẹ́, èlé tó wọlé ò tó ra búrẹ́dì.

Mo lọ sí Kétu. Mo ti kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ti jí i. Àǹtí Tọ́pẹ́ wà lẹ́yìn tábìlì nínú báǹkì lọ́jọ́ náà. Ó wo kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó wò mí, ó tún wo kọ̀ǹpútà.

"Bọ̀dá, ẹ yọ gbogbo ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Mo dá a padà, Àǹtí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí mo fi dá a padà."

"Mo rí i pé ẹ dá a padà. Ó ti kúrò ná."

"Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ní kí n yọ ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà."

"Mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni."

"Ta ló sọ pé lóṣù?"

Mo wá inú orí mi títí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Àjọ ló wà lórí mi, mo kàn gbé e wọ báǹkì bí ẹni tó wọ bàtà wọ mọ́ṣáláṣí.

"Mo sọ fún yín o, Bọ̀dá. Mo tún bi yín bóyá ó yé yín."

"Ẹ bi mí, Àǹtí. Èmi ni mo ní ó yé mi."

Mo rò pé ó máa bínú, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ rọ̀. Mo wá bi í pé tí n bá pa àkáǹtì yẹn dé, tí mo sì ṣí òmíràn lónìí, ṣé wọn ò ní fún mi ní ti tuntun.

"Orúkọ yín ti wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ ò lè di tuntun mọ́." Ó wá rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Ẹni wa lẹ ti dà báyìí."

Mo jáde síta, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, n ò mọ ibi tí mo fẹ́ lọ. Ẹni wọn. Gbogbo bí mo ṣe ń wá ẹni tó máa pè mí bẹ́ẹ̀ l'Ékòó, ọjọ́ tí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Mo rántí pé nígbà tí omi kọ́kọ́ wọlé ní Ajégúnlẹ̀, ìyàwó tó wà ní yàrá kejì di ọwọ́ mi mú, ó ń fi ibi tí mo lè tẹ̀ hàn mí lábẹ́ omi. Nígbà tí omi tún dé lẹ́ẹ̀kejì, mo ṣubú sínú gọ́tà lójú ẹ̀, ó ní, "O ò mọ ibẹ̀ ni?" Mo rò nígbà yẹn pé ó ti kórìíra mi. Àbí ṣe ló ti kà mí mọ́ ara wọn? Títí di báyìí, n ò mọ èwo nínú méjèèjì.

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá Alájọ.

"Wọ́n sanwó fún ẹ?"

"Díẹ̀, Bàbá. Wọ́n ti dáwọ́ dúró."

"Èmi ò sanwó fún ẹnì kankan rí. Ìyẹn ni wọn ò fi lè ní mo dáwọ́ dúró." Ó rẹ́rìn-ín, fìlà onírun yẹn ń mì.

"Bàbá, níbo lẹ̀yin máa ń kó owó wa sí?"

"Báǹkì yẹn náà ni."

"Wọ́n ń san èlé fún yín?"

"Kékeré, kékeré. Mo ti pẹ́ níbẹ̀."

Mo jókòó sórí bárò mi. Mò ń fún Bàbá lówó kó lè bá mi gbé owó lọ fún ẹni tó ń fún Bàbá lówó. Tí ó bá yé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, kò yé èmi.

N ò pe Màámi fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá pè mí, mo máa ń ní ariwo pọ̀ níbi tí mo wà. Òjò kan ṣú ní Mile 12 lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò àárín ọyẹ́ tí ò yẹ kó wá, mo sì ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń fi ọ̀rá bo tòmátì wọn. Tòmátì ní ìbòrí. Mo pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo sọ pé èmi ni n ò gbọ́ àgbọ́yé. N ò sọ pé òun ló ní kí n lọ fojú rí i.

"Owó páànù mi ńkọ́?"

"Ó pé, Màámi. Ó fi díẹ̀ lé."

"Ti káfíńtà ni ò sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mò ń dúró de "mo gbọ́" yẹn. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Èmi ni mo ní kó o lọ kó o, àbí? Mo mọ̀ pé o ò ní sọ ọ́." Ó tún ní, "Láàní káfíńtà sọ pé tí òun bá rí ẹni tó máa bá òun di páànù mú lórí ilé, òun á yọ owó ọmọ iṣẹ́ kúrò. Ṣé ọwọ́ rẹ ò tíì rọ̀ l'Ékòó?"

Mo gba owó náà fún ìgbà ìkẹyìn. Mo wá fi owó bárò dí èyí tó kù, mo sì lọ sílé.

Ìgbà tí mo wọlé, Màámi bá mi nu àga. Ó din ẹyin, ó gbé e wá nínú àwo tánganran tó máa ń wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ṣíbí sí i. Mo fẹ́ dìde lọ bu omi, ó ní, "Jókòó, ìwọ tó o rìnnà àjò." Àwọn aládùúgbò ń wọlé, wọ́n ń pè mí ní ará Èkó. Wọ́n ń kí mi, wọ́n ń kí mi, ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, ó sì ń bà mí lẹ́rù. Mò ń wo ẹyin yẹn. N ò mọ ìgbà tí wọ́n máa dá a dúró, n ò mọ ohun tí n ò gbọdọ̀ ṣe. N ò mọ̀ bóyá mo ti wá di tuntun nílé wa.

Ọjọ́ kejì, èmi àti Láàní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo di páànù mú, ó ń kàn án. Nígbà tí oòrùn fi wọ̀, a ti bo yàrá náà tán. Màámi gbé ẹní ẹ̀ padà síbẹ̀, ó sùn sábẹ́ ẹ̀, èmi sùn sí pálọ̀.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kẹta tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lórí mi.

"Ṣé ilé àna rẹ lo sùn sí ni? Dìde. Gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì, omi ti tán nílé."

Mo dìde. N ò tíì bọ́jú. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì, mo jáde, mo sì ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lọ́nà.